Orí Kẹrin: Ìsinmi Akẹ́kọ̀ọ́ Orin ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ọkọ̀ tó gbéra ní Ilé-Ifẹ̀ láàárọ̀ já èrò sílẹ̀ ní Òṣòdì lọ́sàn-án gangan. Lára àwọn tó sọ̀kalẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ orin kan tó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn, tó ń fi ọwọ́ kan wọ́ báàgì aṣọ, tó sì fi ọwọ́ kejì di ìwé orin mọ́ àyà. Kó tó rìn dé ìdí ọkọ̀ Ìsọlọ̀, kọ́ńdọ́ mẹ́ta ti pè é, ẹni tó ń ta oògùn èkúté ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ òfurufú sì ti rẹlẹ̀ kọjá lórí wọn lọ sí pápákọ̀ Murtala Muhammed. Àdúgbò tó padà sí yìí ń dún láti òwúrọ̀ dòru. Ohun tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni yàrá tó ní ìlẹ̀kùn, píánò tó ń ṣiṣẹ́, àti olùkọ́ tó ń bi í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé, "Ṣé o ti mọ̀ ọ́n?"

Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní agbègbè yìí. Àwọn kan ń kọ́ orin ní Yunifásítì Obafemi Awolowo, àwọn kan ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, àwọn kan ní LASU ní Ọ̀jọ́, àwọn kan ní Pólì Ìbàdàn, àwọn mìíràn sì ń gba dìpúlómà ní MUSON ní Oníkan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni lórin láti ọdún 1989. Orí yìí dá lé bí wọ́n ṣe lè lo àkókò tó wà láàrin sáà kan sí èkejì. Ìmọ̀ràn kan ló gbé gbogbo ìyókù dúró: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún ohun èlò rẹ̀, kó tó ta wákàtí yòókù fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó fẹ́ ra wákàtí yòókù náà kò wọ́n ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀.

Ìsinmi tí ẹnikẹ́ni ò mọ òpin rẹ̀

Kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ lè sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni ìsinmi. Àwọn tó wà ní yunifásítì ìjọba ní ọdún 2020 mọ̀ pé ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún náà, oṣù Kejìlá ni wọ́n tó padà. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró: oṣù 8 gbáko. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin lè ka ìwé rẹ̀ nínú àkókò yẹn kó má pàdánù púpọ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ orin kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí inú ìka, inú ètè àti inú èémí ni ìmọ̀ rẹ̀ wà. Afunfèrè tó fi ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù méjì yóò rí i pé ètè òun kò lágbára mọ́ láti di ohùn òkè mú.

Nítorí náà, kò dára kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣètò títí di ọjọ́ ìwọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni kó fi máa ṣètò. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, kó mú orin kan ṣoṣo tó fẹ́ mọ̀ délẹ̀, skéèlì méjì, àti iṣẹ́ etí kan. Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kó fi fóònù gba ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń ta á tàbí tó ń kọ ọ́, àṣìṣe àti gbogbo rẹ̀, kó kọ déètì sí i, kó sì tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá pè wọ́n padà, ó ní ohun tó parí lọ́wọ́. Bí wọn ò bá pè wọ́n, yóò mú orin mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ilé ló tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ti yunifásítì dé kì í jókòó lásán. Bí ìyá rẹ̀ bá ní ìsọ̀ ní ọjà Àrénà ní Bọ́ládé, ìsọ̀ náà ń dúró dè é. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ni wọ́n ń tà ní Aswani ní Ìsọlọ̀, gbogbo ilé mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù, tó wá ń sá pamọ́ pẹ̀lú gìtá nígbà tí wọ́n ń pè é. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé ló yẹ kó ti sọ ọ́, lẹ́yìn oúnjẹ:

"Ẹ jọ̀ọ́ màámi, mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ láràárọ̀. Tí mo bá ti parí, mo máa tẹ̀ lé yín lọ sọ́jà."

Ìyá tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí mọ iye wákàtí tí wọ́n ń tọrọ, ó sì mọ ohun tí òun náà yóò rí gbà. Bàbá tó rò pé eré lásán ni orin yóò rí ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń jí ṣáájú aago iṣẹ́ lójoojúmọ́, ìyẹn sì máa ń yí ọkàn padà ju àlàyé lọ.

Wákàtí kan láàárọ̀

Ìdí tí àárọ̀ fi dára jù kò ṣòro láti rí. Jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ti kú, ilé ìtajà kò tíì tan gbohùngbohùn, oòrùn kò tíì mú. Àmọ́ àwọn kan ṣì ń sùn. Ní ilé oníyàrá púpọ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní "face-me-I-face-you", irú èyí tó pọ̀ ní Máfolúkù àti Ṣógúnlẹ̀, ògiri kan ló wà láàrin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé. LASEPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, fi ìwọ̀n ariwo sí 55 dẹ́síbẹ̀lì lọ́sàn-án àti 45 lóru fún àdúgbò tí èèyàn ń gbé. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì ń bá ara wọn sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ kò jìnnà sí 55. Trumpet tí a fun ní yàrá kékeré kọjá ìyẹn fíìfíì.

Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ láti dákẹ́.

Ẹni tó ń ta kíbọ́ọ̀dù yóò fi íyáfóònù sí i, kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Iná mànàmáná kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àwáwí: ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù kékeré ló ní àyè bátìrì mẹ́fà nísàlẹ̀, bátìrì tó ṣeé gba iná sí lẹ́ẹ̀kan sí i sì ń san owó rẹ̀ padà láàrin oṣù díẹ̀. Ẹni tí kò ní kíbọ́ọ̀dù rárá lè fi rúlà àti páálí ya ojú píánò gígùn tó ìwọ̀n tòótọ́, kó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kó máa fi ìka wá ọ̀nà orin náà nígbà tó ń fi ẹnu kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Páálí kì í dún, nítorí náà etí inú ló ń ṣiṣẹ́, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ti mọ orin náà dájú yóò hàn lójú ẹsẹ̀.

Afuntrumpet lè yọ ẹnu fèrè nìkan kó máa fi ètè kùn sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyẹn ló ń pa ètè mọ́. Kó wá gbé fèrè odindi lọ sí ibi tó gbà á lọ́sàn-án. Akọrin lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkùn ní ẹnu pípadé, tàbí kó fi sítírọ̀ fẹ́ ohùn sínú ife omi títí omi yóò fi máa hó. Àwọn olùkọ́ ohùn níbi gbogbo ń lò ó láti mú ọ̀fun gbóná láì ha á. Onílù lè fi ọ̀pá lu ìrọ̀rí tàbí táyà àlòkù. Onígìtá tó ń ta gìtá oníná láì so ó mọ́ spíkà ló ní ìrọ̀rùn jù, nítorí ohùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde kọjá ìlẹ̀kùn.

Bí a ṣe lè pín wákàtí náà nìyí. Ìṣẹ́jú 10 fún skéèlì, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka ìlù; ọ̀fẹ́ ni èyí tó wà fún fóònù, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí 60, kó má ṣe yára ju bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́ lọ. Ìṣẹ́jú 15 fún ibi tó le jù nínú orin tó mú, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà méjì péré. Ìṣẹ́jú 25 fún orin náà lódindi. Ìṣẹ́jú 10 tó kù fún kíka orin tí kò rí rí láti inú ìwé: ìwé orin ìjọ èyíkéyìí tó ní ohùn mẹ́rin yóò ṣe iṣẹ́ yìí fún oṣù mélòó kan kó tó tán.

Fún àwọn tó nílò píánò gidi tàbí àyè láti pariwo, ilé ìjọsìn ni ìdáhùn. Kò sí òpópónà gígùn kan láti Òṣòdì Ìsàlẹ̀ dé Òkè-Afa tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣófo láàrin aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ láwọn ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá akọrin ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà alùfáà. Kó má lọ lọ́wọ́ òfìfo. Kó ní òun yóò kọ́ àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ akọrin ní sọ́fà lọ́sẹ̀ méjì méjì, tàbí pé òun yóò máa tọ́jú kíbọ́ọ̀dù ìjọ. Ìjọ tó rí èrè nínú ọ̀rọ̀ náà kì í gba kọ́kọ́rọ́ padà.

Àwọn tó fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ ní Máfolúkù tàbí Ajao Estate yóò bá ọkọ̀ òfurufú pàdé. Kí wọ́n má bá a jà. Kí wọ́n gba orin náà ní ìpín kéékèèké, kí wọ́n dúró nígbà tí ó bá ń kọjá, kí wọ́n sì mú ibi tó mọ́ jù lára gbogbo rẹ̀.

Kíláàsì etí nínú dáńfó

Ilé ẹ̀kọ́ ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò lórí kíkọ ohun tí etí gbọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ á ta ìlà orin kan ní píánò, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sínú ìwé. Òṣòdì ń ṣe ìdánwò yìí fún un láti òwúrọ̀ dalẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́.

Kó dúró lábẹ́ afárá fún ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú ìwé kékeré. Kọ́ńdọ́ tó ń pe "Ìyànà-Ìsọlọ̀, Cele, Mile 2" kì í pè é bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ti sọ ọ́ di orin kúkúrú tó ní ìlù tirẹ̀, tó ń padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láì yẹ̀. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ ìlù náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó wá fi sọ́fà sí i lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, kó gbọ́ kọ́ńdọ́ ọkọ̀ kejì tó ń pe ibòmíràn, kó sì wo bí ìlù méjèèjì ṣe ń wọnú ara wọn. Ní ọjọ́ kẹwàá yóò rí i pé òun kò nílò àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́.

Èdè fúnra rẹ̀ ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ Yorùbá ti pẹ́ tí wọ́n ń fi dò, re, mí kọ́ ọmọ ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ọkọ, ìyẹn re re; ọkọ́, re mí; ọkọ̀, re dò; ọ̀kọ̀, dò dò. Bí ó bá fi orin tó gòkè ní òpin sí "ọkọ̀", àwọn tó ń gbọ́ yóò gbọ́ ohun èlò oko. Ohun tí T. K. Ekundayo Phillips fi ọ̀pọ̀ ọdún rò nìyẹn. Òun ni ó ń ta dùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina láti 1914 títí di 1962, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, níbi tó ti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe jẹ́ ohun kan náà lẹ́nu Yorùbá. Iṣẹ́ ìsinmi kan tó wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìkọrin sílẹ̀ ni kó ṣí ìwé orin ìjọ rẹ̀, kó mú orin kan tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, kó sàmì sí gbogbo ibi tí ohùn orin ti pa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kó fi ohùn tuntun tó bá ọ̀rọ̀ mu kọ ẹsẹ kan péré. Bí ó bá mú u padà lọ fún olùkọ́, yóò rí ohun gidi bá a jíròrò.

Ọjọ́ Sátidé ni kíláàsì tó ga jù. Níbi ìnáwó tí gángan tàbí ìyáàlù dùndún bá ti ń sọ̀rọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbìyànjú láti kọ ohùn ìlù náà sílẹ̀ ní sọ́fà, kó sì ro ohun tí onílù ń wí. Tí wọ́n bá sinmi láti jẹun, kó lọ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kó kí wọn, kó ní, "Bàbá onílù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ fi ìlù sọ nígbà tí ìyàwó ń wọlé?" Owó díẹ̀ nínú ọwọ́ kò burú. Ọmọ Àyàn tí wọ́n bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kì í fi ìdáhùn mọ sí gbólóhùn kan. Akin Euba, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1935, tó sì lọ kọ́ píánò ní London, padà wá jókòó ti àwọn onídùndún bẹ́ẹ̀ títí ó fi kọ odindi ìwé lórí ìlù wọn, tó jáde ní 1990.

Owó, ìnáwó àti ṣọ́ọ̀ṣì

Ní Ire-Akari Estate ní Ìsọlọ̀ ni ilé tí olórin fújì, Síkírù Àyìndé Barrister, pè ní Fuji Chambers wà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní London ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ìtàn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ ìsinmi mu dáadáa. Orin wéré ló fi bẹ̀rẹ̀ ní ọmọdé, orin tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi jí àwọn Mùsùlùmí fún sàárì nínú oṣù Ramadan. Oṣù kan lọ́dún ni àkókò rẹ̀. Barrister ṣiṣẹ́ akọ̀wé, ó wọṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, ó sì ń bá orin náà lọ nínú gbogbo rẹ̀, títí ohun tó jẹ́ ti oṣù kan fi di fújì tí wọ́n ń lù níbi ìnáwó láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ń gbé ní Ìsọlọ̀, tó ń kọ́ orin, yẹ kó mọ̀ pé àdúgbò òun ni ọkùnrin yẹn fi ṣe ilé.

Iṣẹ́ orin wà ní àyíká yìí ní ìsinmi. Mẹ́rin nínú wọn dára fún akẹ́kọ̀ọ́.

Èkíní ni títa kíbọ́ọ̀dù tàbí gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, pàápàá níbi tí olùtakíbọ́ọ̀dù ìjọ bá rìnrìn àjò. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, àmọ́ ó ń kọ́ni láti tẹ̀ lé akọrin tó yí ohùn padà láìsọ tẹ́lẹ̀. Èkejì ni ìnáwó Sátidé. Ẹ̀kẹta ni kíkọ́ àwọn ọmọdé lórin nílé wọn. Ní ìsinmi gígùn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, láti ìparí oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án, àwọn òbí ní Ajao Estate, Òkòtà àti Jakande Estate ń wá ẹni tí yóò fún ọmọ wọn ní nǹkan ṣe. Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò rántí: àwọn ọ̀gá akọrin ní àpótí tó kún fún orin tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní sọ́fà, tí ìwé rẹ̀ ti ń gbó. Ẹni tó lè fi MuseScore, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tẹ orin wọ̀nyẹn tuntun ní ojú ewé tó mọ́, yóò rí owó gbà lórí ewé kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa kọ́ bí ohùn mẹ́rin ṣe ń rìn bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà láti lọ ṣeré níbikíbi, ìbéèrè mẹ́fà ló yẹ kó bi ẹni tó pè é: Èló ni? Ìgbà wo ni wọ́n máa san án? Aago mélòó la máa bẹ̀rẹ̀, aago mélòó la máa parí? Ta ló ń mú ohun èlò àti spíkà wá? Ta ló ń san owó ọkọ̀, pàápàá tó bá di òru? Irú orin wo ni wọ́n fẹ́? Ọ̀rọ̀ owó máa ń ti ọmọdé lójú níwájú àgbà. Ọ̀nà tó rọrùn ni kó fi ọ̀wọ̀ ṣáájú:

"Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi, ẹ̀gbọ́n. Kí n má baà ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: aago méjì sí mẹ́fà, ẹ̀yin lẹ ni spíkà, ẹ ó san ìdajì ní ọjọ́ Ẹtì, ìdajì kí a tó kúrò níbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà?"

Kó wá fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó lè wà lákọsílẹ̀.

Owó tí wọ́n ń ná fún olórin lójú agbo kò yẹ kó wà nínú ìṣirò rẹ̀ rárá. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, títí di oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù 6 lórí rẹ̀. Àdéhùn tó ṣe lórí fóònù ni kó máa gbẹ́kẹ̀ lé.

Etí náà jẹ́ owó. Àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ sọ pé èèyàn lè wà níbi ariwo 85 dẹ́síbẹ̀lì fún wákàtí 8, àmọ́ bí ariwo bá fi 3 lé sí i, àkókò náà á di ìdajì. Nígbà tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Spíkà gbọ̀ngàn ìnáwó kì í gbé lábẹ́ 100 bí ó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ra ohun ìdí-etí tó rọ̀, kó má jókòó síwájú spíkà, kó sì jáde síta fún afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá dá orin dúró. Bí etí rẹ̀ bá ṣì ń hó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń bẹ̀rù pé orin ìnáwó yóò ba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Ìtàn kò gbe ìbẹ̀rù yẹn pátápátá. Fela Sowande, tí Phillips kọ́ ní orin, ta píánò ní ẹgbẹ́ ijó ní Èkó, ó sì tún ń ta á káàkiri ní London ní ìparí àwọn ọdún 1930, síbẹ̀ ó gba oyè gíga àwọn onídùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1943. Fela Aníkúlápó-Kútì lọ sí London ní 1958, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity, ó sì dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ àwọn méjèèjì kọ́ ohun tí wọ́n lọ kọ́. Ewu tó wà ní Òṣòdì ni kí Sátidé gbé ọjọ́ Àìkú mì, kí ọjọ́ Àìkú gbé ọjọ́ Ajé mì, kí kọ́ọ̀dù mẹ́ta tó ń ta níbi ìnáwó sì di gbogbo ohun tí ìka rẹ̀ mọ̀. Ìdí tí wákàtí àárọ̀ fi ṣáájú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, àní lẹ́yìn ìṣọ́ òru. Bí kò bá lè tó wákàtí kan, kó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú.

Jíjáde lọ gbọ́ orin

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ gbọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ó kéré tán. Ọ̀nà ti rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì ọdún 2024, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù Kẹwàá, dúró ní Òṣòdì. Bí ó bá ń lọ sí gúúsù, Mushin, Yábàá àti Òyìngbò ló kàn. Bí ó bá ń lọ sí àríwá, ibùdókọ̀ kan péré ni Ìkẹjà. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń sanwó, kì í ṣe owó ọwọ́, nítorí náà kó ti fi owó sínú káàdì kó tó jáde nílé.

Láti Òyìngbò, bọ́ọ̀sì yóò gbé e dé Oníkan, níbi tí gbọ̀ngàn MUSON wà, tí ayẹyẹ orin wọn sì máa ń wáyé ní oṣù Kẹwàá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ṣeré tí owó ìwọlé rẹ̀ kò wọ́n tàbí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Kó pè wọ́n kó tó lọ. Láti Ìkẹjà, kò jìnnà sí ilé Fela tó wà ní òpópónà Gbemisola, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kalakuta láti 2012, tàbí New Afrika Shrine ní Agidingbi.

Ẹni tó bá gbé ohun èlò dání, kó fi ọ̀rá nípọn bò ó lórí àpò rẹ̀ nígbà òjò. Òkòtà àti Ago Palace Way máa ń kún fún omi. Kó gbé e síwájú àyà nínú èrò Òṣòdì, kó gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀, kó má sá kọjá lójú títì márosẹ̀. Awọ gángan máa ń dẹ̀ nígbà òjò, ó sì máa ń le nínú oòrùn: kó má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì síta. Onívíólíìnì yóò dẹ irun ọrun rẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn

Bí ìwé ìpè bá dé, tàbí tí ASUU bá kéde pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ṣì wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gba gbogbo owó tó kù lọ́wọ́ àwọn tó bá ṣe àdéhùn. Kó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú sọ fún àwọn òbí ọmọ tó ń kọ́, kó sì fi iṣẹ́ tí ọmọ náà yóò máa ṣe sílẹ̀. Kó wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó mú un lọ rí ọ̀gá akọrin fúnra rẹ̀, kó dá kọ́kọ́rọ́ padà, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ alùfáà. Ìsinmi mìíràn ń bọ̀, kọ́kọ́rọ́ náà yóò tún wúlò. Kó ra okùn gìtá tàbí òróró fèrè ní Èkó kó tó lọ, bí ìlú tó ń lọ bá kéré. Kó tò gbogbo ìwé kékeré tó fi kọ ohùn kọ́ńdọ́ àti ìlù gángan sínú fáìlì kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, kó gba orin kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní yàrá kan náà, pẹ̀lú fóònù kan náà. Kó wá jókòó ti ìyá tàbí bàbá tó fún un ní wákàtí àárọ̀, kó fi íyáfóònù kan sí etí wọn, èkejì sí ti ara rẹ̀, kó kọ́kọ́ tẹ ti ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti òní. Lórí méjèèjì, ọkọ̀ òfurufú yóò máa kọjá lókè, ẹnìkan yóò sì máa pe ẹlòmíràn níta ilé. Kí wọ́n jọ gbọ́ ohun tó yí padà láàrin ariwo kan náà.